Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Oore

Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2025 wọlé, owó ètò Compact lórí DStv fò láti ₦15,700 sí ₦19,000 lóṣù. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ nígbà náà, á yọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó lè wo tẹlifíṣọ̀n fún oṣù kan. Ariwo ta. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní kí ilé-iṣẹ́ tó ni DStv wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn èèyàn kùn títí, ọ̀pọ̀ sì tún lọ san án. Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ẹnu ò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀nà àtijọ́ tí àwòrán ń gbà wọ pálọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lóṣù, ìyẹn áńténà.

Áńténà inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ níhìn-ín, irú èyí tó ń jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ní ọ̀pá méjì tó ṣeé fà gùn àti òrùka kan láàárín. Ọmọ tó gbọ́njú bá dẹ̀kódà nílé lè rò pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó oṣù ni tẹlifíṣọ̀n ti ń wá, pé bí owó bá tán, àwòrán gbọ́dọ̀ tán. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé afẹ́fẹ́ tí ìgbì tẹlifíṣọ̀n ń gbà kọjá jẹ́ ti gbogbo ará ìlú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á gbé ìgbì jáde láti orí òpó gíga. Ìgbì náà á kan irin áńténà, iná mànàmáná tíńtín á sọ nínú irin náà, wáyà á sì gbé e lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Gígùn irin yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìgbì UHF tó wà ní 500 megahertz gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà irin tó gùn tó ìdajì rẹ̀ ti tó láti mú un. Ti VHF gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 200 megahertz, mítà kan àbọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ọ̀pá méjèèjì títí tí orí ọ̀kan á fi jìnnà sí orí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Áńténà lásán kì í jẹ iná, kì í béèrè káàdì, kì í sì í ka dátà. Ìgbì náà dà bí ìró gángan lójú agbo: ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti gbọ́ kò ní kó dínkù létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó yẹ kí Yorùbá mọ iyì nǹkan yìí ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti rówó ra ẹ̀rọ, ó ti parí. Ẹni tí kò rí i rà, ó ní aládùúgbò, àwọn ọmọ á sì tò sójú fèrèsé pálọ̀ onílé. Lórí ìkànnì yẹn ni Moses Ọláìyá, ìyẹn Baba Sàlá, ti kó Aláwàdà wá, tí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe Bọ́dé Wáàsinmi, tí Oyin Adéjọbí ti dá ẹjọ́ ní Kóòtù Aṣípa. Òṣèré tó ń fi ọkọ̀ kiri láti ìlú dé ìlú ni wọ́n. Abúlé tí ọkọ̀ wọn lè má dé lọ́dún méjì, ìgbì gbé wọn débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá sọ fíìmù Yorùbá di òwò ńlá lẹ́yìn náà, inú agbo àwọn òṣèré alárìnkiri yìí ni wọ́n ti jáde, àwọn tó sì ń ra fíìmù wọn ti mọ ojú wọn dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ká ní owó oṣù ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn ní 1959, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ìyá aláta ò ní mọ Baba Sàlá.

Kò rọrùn nígbà náà o. Ilé tó bá jìnnà sí òpó, áńténà ìta ló ń lò, wọ́n á so ó mọ́ orí ọparun gígùn lẹ́yìnkùlé. Bí àwòrán bá bàjẹ́, ọmọ kan á jáde lọ di ọparun mú, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan á dúró lójú fèrèsé láti máa jíṣẹ́. "Ṣé ó ti mọ́?" "Ó kù díẹ̀! Dá a padà sọ́wọ́ òsì!" "Ibẹ̀ yẹn, ibẹ̀ yẹn, má mì mọ́!" Ọmọ náà á fọwọ́ sílẹ̀, àwòrán á tún dàrú, nítorí ara èèyàn tó dúró ti áńténà máa ń da ìgbì rú tàbí kó tì í lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ wò á fi bẹ̀rẹ̀.

Díjítà ló yẹ kó fòpin sí wàhálà yẹn. Ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ṣe gbèdéke fún kíkúrò lórí ìgbì àtijọ́. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àyè tí ìkànnì kan ṣoṣo ń gbà lórí afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ lè gba ìkànnì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ìlànà DVB-T2 tí Nàìjíríà mú, gbogbo wọn á sì mọ́ gaara. Àyè tó bá ṣẹ́kù, ìjọba lè tà á fún ilé-iṣẹ́ fóònù. Wọ́n ti ta nínú rẹ̀ ná: apá kan lọ sọ́wọ́ MTN ní bílíọ̀nù 34 náírà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni nìyí. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ti di owó, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú ò tíì rí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tuntun tí wọ́n ṣèlérí.

Nàìjíríà kọ́kọ́ ní 2012 lòun máa parí ìyípadà sí díjítà náà. Ó di 2015, ó tún di 2017. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2016, Jos kan náà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ti kọ́kọ́ tàn ní ilẹ̀ yìí ní 1974. Abuja tẹ̀lé e lóṣù Kejìlá. Wọ́n dé Ìlọrin ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Ìbàdàn tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò sí lára ìwọ̀nyí.

Ohun tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé áńténà ti wà lórí ọ̀pọ̀ òrùlé. GOtv ń gba orí ilẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ dẹ̀kódà StarTimes, irú ìgbì kan náà tí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ń lò. Ìgbì ń bà lé irin yẹn tọ̀sán-tòru. Àgádágodo tó wà nínú dẹ̀kódà ló ń dínà, kò ṣí àfi bí èèyàn bá sanwó. Kò yẹ kí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ wà lórí ìkànnì tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ gbé dúró rárá. Ẹni tó ti fi owó orí kọ́ ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tún san owó láti wò ó.

Amẹ́ríkà ṣe tiwọn lọ́nà tó yẹ ká kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó pa ìgbì àtijọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ìjọba fún ilé tó bá béèrè ní káàdì ẹ̀dínwó méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó dọ́là 40, láti fi ra àpótí tó ń yí díjítà padà fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, áńténà tí wọ́n ti ní nílé ni wọ́n ń lò lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òpó Crystal Palace tó ga ní mítà 219 kò jìnnà sí Peckham tí Yorùbá pọ̀ sí. Áńténà kékeré lójú fèrèsé lè gbé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìkànnì Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tiwọn, wọlé níbẹ̀. Òótọ́ ni pé onílé ń san owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n, tó di £174.50 lọ́dún ní oṣù Kẹrin 2025, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù lórí Freeview fúnra rẹ̀, ìjọba wọn sì ti ní ó kéré tán òun ò ní pa á kí 2034 tó dé.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ wa tó tó wò. Gómìnà tó ń ṣí kànga láàárọ̀, tí wọ́n tún ṣe àtúnwí rẹ̀ lálẹ́? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, ẹ̀bi àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, ibi tí ojú pọ̀ sí ni ìpolówó ọjà ń lọ, owó ìpolówó ló sì ń gbọ́ bùkátà eré tó dáa. Ìkànnì tí èèyàn ò lè rí wò á máa rù sí i ni. Kì í sì í ṣe eré nìkan ló wúlò fún: nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ẹ̀kọ́ DigiClass sórí OGTV. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó dátà lè fi áńténà kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò nílé. Fídíò orí fóònù lè jẹ tó gígábáìtì kan ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ NCC tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù Kìíní 2025.

Ẹni tó bá wà níbi tí ìgbì díjítà ti dé, kó tó náwó, kó yẹ̀wò bóyá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní DVB-T2 nínú. Bí kò bá ní, tàbí bí wọ́n bá ti àwọn ìkànnì náà pa, àpótí FreeTV tó ń gba ìgbì díjítà ọ̀fẹ́ ló máa nílò. Kó gbé áńténà sókè, sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, kó jìnnà sí fíríìjì àti ínfátà. Páànù orí ilé àti irin fèrèsé máa ń dí ìgbì lọ́wọ́. Bí àwòrán bá ń gán tàbí tó ń fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kó sún áńténà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Ìgbì tó ń kọlu ògiri máa ń pa ara wọn níbì kan, kí wọ́n sì tún lágbára nítòsí ibẹ̀. Díjítà kì í rọra bàjẹ́ bíi ti àtijọ́, ó mọ́ tàbí kó gán ni. Kí ó má sì ra èyí tí wọ́n kọ "HD" tàbí "kìlómítà 300" sí lára nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Áńténà ò mọ HD yàtọ̀, ìgbì lásán ló ń mú. Òpó tó ga ní mítà 200 pàápàá, ilẹ̀ tó yípo á ti máa bo ìgbì rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 60. Bọ́sítà tí wọ́n fi ń fún ìgbì lágbára náà kì í dá ìgbì tí kò sí sílẹ̀, ariwo tó bá bá níbẹ̀ ni yóò sọ di púpọ̀.

Iṣẹ́ tó kù, ti ìjọba ni. Àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí ìgbì díjítà ọ̀fẹ́ máa dé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má sì tún sún un síwájú. Ìkànnì àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi BCOS, OGTV, OSRC, OSBC àti LTV gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lórí gbogbo dẹ̀kódà tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Yorùbá, yálà owó ti tán lórí rẹ̀ tàbí kò tán. Kí wọ́n sì yọ nínú owó afẹ́fẹ́ tí wọ́n tà láti fi dín owó àpótí kù fún ilé tí agbára rẹ̀ ò ká a. Kí wọ́n gbé òpó Ìbàdàn dìde ṣáájú.