Adìẹ yín tó ń ṣàìsàn kì í ṣe tiyín nìkan

1. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí àgbébọ̀ bá ti ń tòògbé ní Ògùnpa níbí, ohun mẹ́ta la máa ń ṣe. Ká tètè pa á kó tó kú. Ká gbé e lọ sọ́jà, ká tà á fún ẹni tí ò mọ̀. Tàbí ká tú kápúsù tetracycline sínú omi ẹ̀, ká máa wojú Ọlọ́run. Lójú tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dáa, èyí tí à ń tà yẹn ló sì burú jù.

2. Ẹ wo ilé wa, ògiri kan ògiri. Adìẹ ilé kejì ló ń ṣa oúnjẹ lẹ́yìnkùlé yín, àkùkọ yín ló ń kọ nílé kẹta. Ẹ lè ní mẹ́fà, kí aládùúgbò ní mẹ́rin, àmọ́ lójú àrùn, agbo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

3. Èyí tó ń pa wọ́n jù ni lùkúlùkú. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Newcastle, torí ìlú Newcastle ní England wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1926. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ ní Nàìjíríà? Ìbàdàn níbí ni o! Láàárín oṣù Kejìlá 1952 sí oṣù Kejì 1953, ìgbà ọyẹ́ gan-an. Ó ti lé ní 70 ọdún, a ṣì ń ṣe bíi pé àlejò ni.

4. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n: adìẹ á sorí kodò, ìyẹ́ á wálẹ̀, á máa yàgbẹ́ olómi tó rí bí ewé, èémí á le, kò ní yé ẹyin mọ́. Nígbà míì ọrùn á lọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, tetracycline ò sì ràn án. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn.

5. Àrùn míì sì wà tó jọ ọ́. Bird flu tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006 pa obìnrin kan ní Èkó lọ́dún 2007. Ìdí nìyẹn tí “ká tètè pa á” fi ń bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ lásán lẹ fi ń tu ìyẹ́ ẹ̀ o.

6. Kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi àgò dé e níbi tí àwọn yòókù ò lè dé, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ tiẹ̀. Àwọn tí ara wọn le ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́, aláìsàn á gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ wá dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ará ilé kejì. Kì í ṣe ìtìjú.

7. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, “Owó ni o, ìwọ ọmọ yìí.” Òótọ́ ni. Àgbébọ̀ ni owó ìwé ọmọ fún ọ̀pọ̀ ìyá. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ tà, inú àgò kan náà pẹ̀lú tàwọn ẹlòmíì ló ń lọ. Aládùúgbò á ra ọ̀kan níbẹ̀ láti sìn, àrùn á tún padà sílé yín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí ò dáa, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn.

8. Àjẹsára wà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Ìṣòro tiwa ni pé ìgò kan lè tó igba adìẹ, tẹ́ ẹ bá sì ti pò ó, ọjọ́ yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ta ló fẹ́ torí adìẹ mẹ́fà ra ìyẹn? Àmọ́ ṣebí àwa la mọ àjọ dá! Kí ilé mẹ́wàá dáwó, kí ẹnì kan lọ gbé e wá nínú kúlà oníyìnyín, kí wọ́n fún gbogbo wọn láàárọ̀ kan kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Èyí tí ara ẹ̀ le nìkan ni o, torí kì í wo aláìsàn. Kẹ́ ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe bí dókítà bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe.

9. Èyí tó bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Odò Ògùnpa ni gọ́tà wa ń lọ, a sì mọ ohun tí odò yẹn fojú wa rí ní Omíyalé ọdún 1980. Ẹ sun ún, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kẹ́ ẹ sin ín.

10. Tẹ́ ẹ bá kà á dé ibí, ẹ kà á sétí màmá yín. Àwọn ló ń sin adìẹ. Àwa kàn ní dátà ni.