Nọ́ńbà Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Bí ẹnikẹ́ni bá pe ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ní Allegheny County, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti fẹjọ́ ìyá kan sùn pé ó ń fìyà jẹ ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ẹni tó gbé fóònù ń gbọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ti ń gbé nọ́ńbà kan jáde, láti 1 dé 20. Ìyá tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò ní rí i.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣe ètò tó ń gbé nọ́ńbà náà jáde: Rhema Vaithianathan láti Auckland University of Technology ní New Zealand, àti Emily Putnam-Hornstein tó wà ní University of Southern California nígbà náà. Wọ́n ní ìwádìí ni. N kò gbà. Wọn ò wádìí ilé-iṣẹ́ yẹn wò. Irinṣẹ́ ni wọ́n bá a ṣe.

Kí tiẹ̀ ni nọ́ńbà náà ń sọ? Kò sọ pé wọ́n máa lu ọmọ yìí. Ohun tó ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á gba ọmọ lọ́wọ́ òbí láàárín ọdún méjì. Adájọ́ ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìdájọ́ ara rẹ̀, ẹ wá ń pè é ní sáyẹ́ǹsì! Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń ṣègbè látẹ̀yìnwá, ègbè yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà máa kọ́.

Ibo ni wọ́n sì ti rí ohun tí wọ́n fi ṣírò? Ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìwé ìtọ́jú ọpọlọ tí ìjọba sanwó rẹ̀, àti, níbẹ̀rẹ̀, ìwé owó ìrànwọ́. Olówó tó ń mutí yó lálaalẹ́, tó ń sanwó dókítà láti àpò ara rẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan. Tálákà tó lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ìrànlọ́wọ́ tó gbà ti di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ló ń pinnu bóyá kí wọ́n lọ wádìí ìdílé náà. Ó dáa. Lọ́dún 2022, ìwádìí àwọn ará Carnegie Mellon, ní Pittsburgh nínú Allegheny County níbẹ̀, fi hàn pé bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń pinnu, ìyàtọ̀ láàárín ọmọ aláwọ̀ dúdú àtàwọn yòókù ì bá pọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tẹ̀ lé e ló dín in kù. Lọ́dún yẹn kan náà, Oregon, tó wo àwòkọ́ṣe Allegheny, jáwọ́ nínú tirẹ̀. Ní New Zealand pàápàá, nígbà tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun ní nọ́ńbà kí wọ́n sì kàn máa wò wọ́n níran, mínísítà Anne Tolley kọ ọ́ sórí ìwé lọ́dún 2015 pé òun ò ní gbà á, pé ọmọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe eku tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Olóṣèlú ló wá sọ ohun tó yẹ kí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ!

Irú iṣẹ́ Carnegie Mellon yẹn ni iṣẹ́ yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ọmọdé ṣe pọ̀, kó lọ yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò: ọmọ mélòó ni wọ́n gbà tí kò yẹ kí wọ́n gbà, kí sì ni àwọn òbí wọn sọ? Bí wọ́n bá ní kó wá bá àwọn ka ẹ̀ṣẹ̀ tálákà, kó dá owó wọn padà. Èyí tí wọ́n sì ti ṣe sílẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, kí lọ́yà rẹ̀ lè bá a jà ní kóòtù.