Akátá, Adìẹ àti Owó Epo Bẹntiróòlù

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Nígbà tí akátá bá ń lé adìẹ kiri ẹ̀yìnkùlé, a kì í dúró bi adìẹ léèrè ohun tó gbé e jẹ̀ dé ìdí igbó. Igi là ń mú. Òwe yìí ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Wọ́n mú lílé akátá, wọ́n fi àbọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òwe náà kò dá adìẹ láre. Ó ní ẹjọ́ adìẹ ń bẹ nílẹ̀, ó ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò náà kò sì gbọdọ̀ ṣàì dé.

Mi ò rí ibi tí ètò yìí ti dojú rú tó ọ̀rọ̀ owó epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Bọ́lá Tinúbú búra fún ipò ààrẹ ní Eagle Square l'Ábújá, ibẹ̀ ló sì ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kó tó dọjọ́ náà, lítà kan kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti di ₦488 l'Ékòó. Nínú oṣù Keje, ₦617 ni l'Ábújá. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ilé epo NNPC l'Ékòó ń ta á ní ₦998.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń lọ ata lọ́jà. Kẹ́ẹ̀gì kékeré ló fi ń ra bẹntiróòlù, ìgò omi ló fi ń wọ̀n ọ́n sínú ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, bí oníbàárà kan bá ti gbé abọ́ ata dé, yóò fa okùn ẹ̀rọ, yóò lọ̀ ọ́, yóò pa á. Ní báyìí, abọ́ gbọ́dọ̀ tò tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó fọwọ́ kan okùn, torí epo tó ń jó kí ẹ̀rọ tó gbéra kò ní jẹ́ kó rí èrè lórí abọ́ kan. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á máa dúró, á máa wojú oòrùn. Òun náà sì níṣẹ́ nílé.

Ta ló fa èyí? Ẹ wọ ọkọ̀ èrò Micra láti Ìwó Road lọ sí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ náà. Màmá kan á ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ò lójú àánú ni? Iye tí mo wọ̀ ọ́ lánàá kọ́ nìyí." Dẹ́rẹ́bà á ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ bi àwọn ilé epo." Ẹ dé ilé epo, ọmọbìnrin tó di ẹnu ẹ̀rọ mú á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ló ní ká yí i, èmi kọ́ ni mo fowó lé e." Ọ̀gá rẹ̀ á nawọ́ sí àwọn tó ni dípó ní Àpápá. Àwọn yẹn á nawọ́ sí dọ́là. Ábújá á ní àwọn tó jẹ kó tó kàn wọ́n ló bà á jẹ́. Nínú gbogbo wọn, ọmọbìnrin tó di ẹnu ẹ̀rọ mú ló ń jẹ èébú jù, òun sì ni agbára rẹ̀ kéré jù. Adìẹ tó sún mọ́ wa là ń lù.

Bọ́rọ̀ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú, orúkọ ẹgbẹ́ kejì ni oníkálukú ń pe akátá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba Goodluck Jonathan gbé lítà epo láti ₦65 lọ sí ₦141. Ìlú gbóná. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, èrò kún Ọgbà Gàní Fawẹ̀hìnmi l'Ójótà láti àárọ̀ dalẹ́, títí ìjọba fi fà á wálẹ̀ sí ₦97. Tinúbú, tó jẹ́ àgbà alátakò nígbà náà, kọ̀wé síta pé Jonathan ti da májẹ̀mú tó bá ará ìlú dá. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, òun gan-an ló kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Ẹgbẹ́ PDP, tí ìjọba rẹ̀ ṣe ti 2012, ló wá ń pariwo lé APC, ẹgbẹ́ Tinúbú, lórí, bẹ́ẹ̀ Atiku Abubakar tó dupò lórúkọ wọn ti sọ nígbà ìpolongo pé òun náà yóò yọ owó yìí. Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour sọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Àwọn kan jáde nílé lọ síbi ìwọ́de ọdún 2012, wọn ò padà wálé mọ́. Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun tí olóṣèlú ń fi ṣe àtẹ̀gùn dé ipò, kó sì ti àtẹ̀gùn náà ṣubú bó bá débẹ̀ tán. Bí yíyọ owó ìrànwọ́ bá jẹ́ ìwà ìkà ní 2012, ó yẹ kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ohun tó sọ ọ́ di dandan ní 2023. Ìdáhùn wà, àlàyé náà kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe é yóò ní láti gbà pé àwọn alátakò rẹ̀ àtijọ́ ní ìdí tiwọn.

Kí wá ni akátá gan-an? Lójú tèmi, kì í ṣe èèyàn rárá. Akátá ni pé dọ́là la fi ń ra ohun tó yẹ ká máa fọ̀ nílé. Ọdún 1956 ni wọ́n ti kan epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ìjọba kọ́ ilé ìfọpo mẹ́rin, méjì ní Port Harcourt, ọ̀kan ní Warri, ọ̀kan ní Kaduna. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àgbá rọ̀bì 445,000 ni wọ́n lè fọ̀ lójúmọ́. Wọ́n dẹnu kọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo bẹntiróòlù tí à ń lò nígbà náà ló ń gba orí òkun wọlé. À ń ta rọ̀bì, à ń ra bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní lítà kan gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ní sẹ́ǹtì 60 owó Amẹ́ríkà. Nígbà tí dọ́là jẹ́ ₦460, ₦276 nìyẹn. Nígbà tí dọ́là bá di ₦1,500, lítà kan náà ti di ₦900. Ẹni tó tà á fún wa kò fi sẹ́ǹtì kan lé e, ọlọ́kọ̀ ojú omi kò sì fowó kún owó. Náírà ló wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyí: nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan nígbà tí báńkì àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù Kẹfà 2023 pé kó lọ wá ipò rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi di 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. Ẹ tún fi ti owó rọ̀bì lágbàáyé kún un. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní 2022, àgbá rọ̀bì kan fò kọjá 120 dọ́là. Ó yẹ kí ìlú tó ń ta rọ̀bì máa yọ̀ nígbà yẹn. Ìyọnu ló jẹ́ fún wa, torí bẹntiróòlù tí à ń rà padà náà gbówó lórí, ìjọba sì ní láti wá owó tó máa fi dí àlàfo láàárín iye tó rà á àti iye tó ń tà á.

Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ owó ìrànwọ́. Nínú ètò ìnáwó 2023 tí ìjọba Muhammadu Buhari ṣe, ₦3.36 tírílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, fún oṣù mẹ́fà péré. Oṣù Kẹfà ni wọ́n fòpin sí i. Òfin epo rọ̀bì tí Buhari buwọ́ lù ní 2021 náà ti fi lélẹ̀ pé ọjà ni yóò máa sọ iye tí epo jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní Tinúbú nìkan ló dé tó da ilé rú kò wo ẹ̀yìn wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ náà kò sòótọ́. Ìjọba yìí ló yọ owó ìrànwọ́ tó sì tú náírà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìbúra. Méjèèjì já lu ará ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì CNG, ẹ̀yìn náà ló tó ń bọ̀. Àgbà tó fẹ́ gbé ẹrù lé ọmọdé lórí máa ń kọ́kọ́ wá òṣùká.

Wọ́n sì ti lé adìẹ gẹ́gẹ́ bí akátá rí. Lóṣù Kọkànlá 2019, lẹ́yìn tí ìjọba Buhari ti ti bodè pa, iléeṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí ọkọ̀ epo má dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè, torí àwọn onífàyàwọ́. Lóòótọ́ ni fàyàwọ́ ń bẹ. Bẹntiróòlù wa kún inú ìgò ńláńlá lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, kpayo ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kí ni ọlọ́kadà Ìdíròkò tàbí ti Ìmẹ̀kọ lẹ́bàá bodè ṣe? Epo tó máa fi gbé aláboyún dé ọsibítù ló ń wá. Bí epo ṣe rọjú ní Nàìjíríà ju ti òdìkejì bodè lọ ló ń fa fàyàwọ́, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Kódà lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ lọ, òwò náà kò kú: nínú oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké ní Benin, èèyàn tó lé ní 30 ló bá a lọ.

Ibi tó dunni jù ni ti àwọn tí a rán lọ lé akátá. Lásìkò ìwọ́de 2012, Ilé Aṣòfin Kékeré gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti tú àṣírí owó ìrànwọ́. Farouk Lawan ni alága. Ìgbìmọ̀ náà gbé ìròyìn jáde pé owó tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà ti bá ọ̀nà èrú lọ, wọ́n dárúkọ àwọn iléeṣẹ́, ìlú sì gbóríyìn fún ìgbìmọ̀ náà. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi yí: wọ́n fẹ̀sùn kan alága náà pé ó gba rìbá lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kó lè yọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín ẹ̀sùn náà àti ìdájọ́. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, àwọn iléeṣẹ́ tí ìròyìn náà dárúkọ ti bọ́ lẹ́nu ará ìlú.

Ní ti lílé akátá fúnra rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ti wà. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde nínú oṣù Kẹsàn-án 2024. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta rọ̀bì fún un ní náírà. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Kejì 2025, Dangote ti fa owó epo rẹ̀ wálẹ̀, a sì rí i ní ₦860 láwọn ilé epo kan l'Ékòó. Lóṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ rọ̀bì olówó náírà há, Dangote dá títà epo ní náírà dúró fúngbà díẹ̀, jìnnìjìnnì sì mú ọjà lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tó tún lè fi hàn wá pé dọ́là ni akátá náà. Ẹ̀rù kan sì ń bà mí níbẹ̀: bó bá jẹ́ ilé ìfọpo kan ṣoṣo la gbójú lé, iye tó bá wù ú ni yóò máa sọ. Ìdí tó fi yẹ kí ilé ìfọpo ìjọba dìde nìyẹn.

Ibẹ̀ ni àbọ̀ òwe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ọbásanjọ́ ta ilé ìfọpo Port Harcourt àti ti Kaduna ní 2007, ìjọba Yar'Adua gbà á padà. Ní 2021, ìjọba Buhari fọwọ́ sí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún àtúnṣe Port Harcourt. Nínú oṣù Kọkànlá 2024, NNPC kéde pé apá àtijọ́ níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù Karùn-ún 2025, kò tíì pé ọdún kan, wọ́n tún tì í pa pé àwọn fẹ́ tún un ṣe.

Ẹ wo ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Buhari ni mínísítà epo rọ̀bì fúnra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ààrẹ. Tinúbú náà di ipò mínísítà yẹn mú mọ́ ti ààrẹ. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ ká gbé lọ kò ní kọjá ilé kan. Mélòó ló ti jáde nínú bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là náà, ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi rà, ta ló fọwọ́ sí ìwé lóṣù Kọkànlá 2024 pé ilé ìfọpo náà ti dúró dáadáa?