Ẹ yéé pe SS ní àìsàn egungun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú ló ń bí mi.

Mo wà níbi ìkómọ kan ní Ìnísà lọ́jọ́sí. Bàbá kan wo àbúrò mi obìnrin, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń jó báyìí, ṣé ìwọ náà lo máa ń ké egungun, egungun lóru?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. SS ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan sì ń sọ fún màmá wa pé kò sí nǹkan tó ṣe é, pé abẹ́rẹ́ ìrora ló ń wù ú.

Láti Ìkìrun dé Òkukù, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa mọ̀ nípa SS ni pé kéèyàn ṣe genotype kó tó ṣègbéyàwó. Ó dáa. Àwọn tí a ti bí ńkọ́? Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ṣé a máa dá wọn padà ni?

Ẹ gbọ́ ná. Egungun ni igbe ti ń jáde, àmọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ìjà wà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo inú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni nínípọn rẹ̀. Ó ń yọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá láì lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ ogun kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀, complement lorúkọ wọn. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dá ihò sí i lára, wọ́n á ké sí sẹ́ẹ̀lì funfun. Wọn ò mojú ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ń gba awọ yẹn lọ́wọ́ wọn ni pé ó ní ẹ̀ṣọ́ lára tó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ dáwọ́ dúró, onílé ni mí."

Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí. Ti SS kì í sábà ju 20 lọ kó tó fọ́. Tó bá fọ́, heme tí irin wà nínú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, heme yìí ló ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ń ta awọ náà jí, awọ náà á ti P-selectin síta, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí èèmọ́. C3, ọ̀kan lára complement, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, apá ẹ̀ṣọ́ ò ní ká a mọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun á rọ́ dé, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé á há sáàárín wọn. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí tírélà bá dábùú ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ló ń ké. Òun ni egungun tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìjà yìí ò sì dúró de ọjọ́ tí ọmọ bá ké. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ń jó yẹn, ó ń lọ. Bí iṣan ọpọlọ àwọn ọmọ kan ṣe ń há díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé lójijì. Fòníkú-fọ̀ladìde tí à ń pè é ló tàn wá: a rò pé ọjọ́ tó bá ti dìde, ó ti parí.

Ẹnì kan á sọ pé òògùn rẹ̀ wọ́n. Àwọn kan wọ́n lóòótọ́. Eculizumab tó ń dí complement lọ́nà, owó ọdún kan rẹ̀ ní Amẹ́ríkà á kọ́ ilé sí Òkukù, ilé ọ̀hún ò sì ní jẹ́ ẹyọ kan. Crizanlizumab tó ń dí P-selectin, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019, Yúróòpù fagi lé e ní 2023 torí ìwádìí tuntun ò rí èrè rẹ̀. Mi ò bẹ̀ yín fún ìyẹn.

Hydroxyurea ni mò ń wí. Kápúsù lásán ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Ó ń jẹ́ kí irú haemoglobin tí ọmọ máa ń ní nínú oyún pọ̀ padà, sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ á dín kù, heme tó ń tú náà á dín kù. Ní Kánò àti Kàdúná, wọ́n lò ó fún àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé rọpárọsẹ̀ ń bọ̀. Èsì jáde ní 2022: wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìwọ̀n kékeré àti èyí tó jù ú lọ nínú dídènà rọpárọsẹ̀. Nàìjíríà níbí ni o, kì í ṣe London. (Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Ẹ má sáré lọ bá oníkẹ́mísì.)

Níbi tí ọmọ tuntun ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, kí wọ́n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ mọ̀ kó tó di pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kí hydroxyurea wà ní ọsibítù tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àbúrò mi ti padà sílé. Ó ní kí n má dárúkọ òun, ó sì ní kí n bá òun sọ fún bàbá yẹn pé ijó ṣì kù.