Ààfin Toffa Kò Parí Láì Dé Ìdí Ọ̀pẹ Ìfọ̀nyìn

Láti ọwọ́ Ọmọ Ìfọ̀nyìn

Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láàárọ̀, tó dorí kọ Igolo, kì í sábà dúró ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni. Ibodè ló ń sáré lọ. Ìdí-Ìrókò wà ní òdìkejì, Ọ̀tà àti Èkó wà níwájú. Ẹni tó ń wá ọjà kò ráyè wo ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn tó ń rìn fún ìgbafẹ́ pàápàá kì í débẹ̀. Wọ́n á wo Honmè, ààfin Ọba Toffa, ní Àjàṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò mọ́sálásí ńlá tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bùràsíìlì, wọ́n á sì padà sí Kútọ̀nù. Ìdajì ìtàn ni wọ́n gbọ́.

Epo ló gbé ààfin yẹn ró. Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa àti ekùrọ́ ni ọkọ̀ òkun wá ń kó. Òyìnbó ń fi wọ́n ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi epo sí ara ẹ̀rọ. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà. Kò ní rí epo tà bí kò bá sí àwọn ará oko lókè tó ń gun ọ̀pẹ, tó ń fọ́ epo, tó sì ń rù ú wá. Owó ibodè orí òwò yẹn wà lára ohun tí Ọba Toffa fi di ìtẹ́ mú láti 1874 títí di 1908. Orí ilẹ̀ epo yìí náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà gbà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, tí Ìfọ̀nyìn fi pín sí méjì. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá ṣì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní.

Ọ̀pẹ kan náà ni wọ́n ń rí sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu se, nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹmu orí igi ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: adẹ́mu á fi igbà gun òkè, á so akèrègbè kọ́. Níhìn-ín, wíwó ni wọ́n sábà ń wó ọ̀pẹ. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gbẹ́ ihò síbi tí màrìwò ti ń yọ, wọ́n á máa fi iná rà á, wọ́n á máa tún un fá, omi rẹ̀ á sì máa kán sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹmu bá ti kan dáadáa, ó di inú àgbá irin lórí iná. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á di ọtí, á máa ro tó, tó, tó sínú ìgò. Àlejò tó bá jókòó tì í fún wákàtí kan yóò rí i pé iṣẹ́ ojú ni. Bí iná bá pọ̀ jù, ọtí á bàjẹ́. Bó bá kéré jù, kò ní ro. Ẹni tó ń se é kì í fi ìdí iná sílẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Kò sí gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè fi èyí hàn.

Ìtàn tó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ Benin ni pé Bonou Kiti Sodabi, ọmọ ogun tó bá Faransé ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ló mú ọgbọ́n náà bọ̀ láti òkè òkun, tí ọtí fi ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fòfin de ògógóró ní Nàìjíríà, nítorí owó orí ọtí òyìnbó kò gbọ́dọ̀ jò. Inú igbó ni iṣẹ́ náà sá wọ̀.

Bí a bá ní kí àlejò wá wo ìdí àgbá yìí, àwọn kan yóò ní ọtí tó ń pa èèyàn kò yẹ ní fífi han àlejò. Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Lọ́dún 2015, májèlé methanol inú ọtí ìbílẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba Nàìjíríà sì fòfin de ògógóró. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹni tó se ọtí ni irú aburú bẹ́ẹ̀ ti ń rí ààyè. Ẹni tó ń se sódàbì, tí àlejò sì ń wá wò, ní orúkọ tí kò fẹ́ kó bàjẹ́, àyẹ̀wò ìjọba sì lè bá a nílé. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láàyè lè wo iṣẹ́ ọwọ́ láì tọ́ ọ wò. Awakọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò rárá.

Wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Ní Gúúsù Áfíríkà, oko wáìnì Groot Constantia ti wà láti 1685. Àlejò ń wo ilé àtijọ́ níbẹ̀, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, wọ́n sì ń sọ ìtàn àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún un. Ohun tí Àjàṣẹ́ àti Ìfọ̀nyìn ní nìyẹn, àfi pé ẹnì kan kò tíì so wọ́n pọ̀.

Ó sì yẹ kí wọ́n so wọ́n pọ̀ kíákíá. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kẹrin 2022 ni Ìdí-Ìrókò tó ṣí padà. Lọ́dún 2023, owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin ní Àbújá, iye owó kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà, sì fò sókè létí títì Benin. Ìlú tó gbójú lé ibodè nìkan kò ní agbára lórí oúnjẹ ara rẹ̀. Ọ̀pẹ kò dúró de àṣẹ Àbújá.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni wíwó. Bí àlejò bá pọ̀, ọ̀pẹ tí wọn yóò wó á pọ̀ sí i, nítorí náà ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ fi gbígbìn ṣe ìlànà: ọ̀pẹ kan lulẹ̀, ọ̀pẹ méjì wọlẹ̀. Irúgbìn kò jìnnà. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè láti 1922 wà ní ẹkùn Plateau kan náà pẹ̀lú Ìfọ̀nyìn, òun ló sì yẹ kó jẹ́ ibi tí ìrìn-àjò ọjọ́ náà máa parí sí: Honmè láàárọ̀, ìdí àgbá ní Ìfọ̀nyìn lọ́sàn-án, Pobè kí oòrùn tó wọ̀. Kí olúkúlùkù àlejò san owó ọ̀pẹ kékeré kan níbẹ̀, kí wọ́n sì gbé e padà sí oko tí ó ti rí èyí tó wó.