Koríko Kọ́ Ló Wà Lójúde Màmá Àgbà

Nígbà tí mo fi páálí kọ́ àwòṣe kékeré ilé màmá àgbà, tó wà lábúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, mo gbé e lọ fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ilé ta nìyí?" Ògiri pé, páànù pé, fèrèsé pé. Koríko ọlọ́dà tí mo rà, tí mo tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ló bà á jẹ́. Ẹni tó ń gbá ojúde ní ìdájí ojoojúmọ́ kí ejò má baà rí ibi sá pamọ́ sí, èmi wá gbin koríko síbẹ̀!

Èrò tèmi rèé: bí ẹ bá ń ṣe àwòṣe abúlé Lágelú, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ bù. Irin inú ilẹ̀ tó ti dógùn-ún ló fún un ní àwọ̀ pupa yẹn. Òun náà kúkú ni wọ́n fi mọ ògiri àwọn ilé àtijọ́.

Àmọ́ ẹ má kàn bù ú dà síbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ yan án nínú agbada bíi gàrí (agbada àlòkù o, kí wọ́n má baà lé yín jáde nílé), kí ẹyin kòkòrò àti èso koríko inú rẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ ọ́. Bí àwòṣe yín bá jẹ́ ìdá kan nínú 100, òkúta wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 1 ti di òkúta sẹ̀ǹtímítà 10 nìyẹn. Asẹ́ gàrí ò lè ṣe é. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni kí ẹ lò. Ebè ẹ̀gẹ́ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 ò gbọdọ̀ ga ju mìlímítà 5 lọ, bíi hóró ẹ̀wà.

Gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ fi omi pò máa mú kí ilẹ̀ náà dúdú bí ìgbà tí òjò rọ̀, torí ó ń dí àlàfo àárín àwọn hóró erùpẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ fọ́n padà sójú wa mọ́. Ẹ wọ́n erùpẹ̀ gbígbẹ lé e kó tó gbẹ.

Ìyẹ̀ pákó tí wọ́n pa láró ńkọ́? Ó dáa fún igbó, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Tèmi bu bíi búrẹ́dì nígbà òjò.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti ri òpó mọ́ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé yẹn báyìí. Mo sáré bu erùpẹ̀ ibẹ̀ kún agolo mílíìkì kan, mo sì tún àwòṣe náà ṣe. Màmá àgbà fìka tọ ojúde rẹ̀, wọ́n ní mo gbé ààrò síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀.