Láti Agbaṣẹ́ṣe dé Agbaṣẹ́jẹ

Nígbà tí kọ́ńtíráàtì wọ àárín àwa Yorùbá, èdè wa kò rin ìrìn-àjò kí ó tó rí orúkọ fún ẹni tí ó ń ṣe é. Agbaṣẹ́ṣe ni a pè é. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdíjú kankan nínú: gbà, iṣẹ́, ṣe. Ẹni tí ó gba iṣẹ́, tí ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí à ń sọ ní ìgboro lónìí. Wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì fún lágbájá. Lágbájá gba kọ́ńtíráàtì. Lágbájá jẹ owó kọ́ńtíráàtì. Ta ni ó wá ṣe iṣẹ́ náà? Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó kẹ́yìn ti já bọ́, jíjẹ sì ti gorí àga rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ti di agbaṣẹ́jẹ. Kò sì sí ibi tí ìyípadà yìí ti fojú hàn tó ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù lọ nínú gbogbo ìjọba.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 768, ó sì fi àgbègbè 6 ti Àbújá kún un, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 774. Ó to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: títì àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbẹ́ gbogboogbò, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ó sì fún wọn ní ipa nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èwo ni fàájì nínú ìwọ̀nyí? Bí a bá gbẹ́ gọ́tà ní àgbẹ́dójúṣe, inú yàrá aláta ni àgbàrá yóò gbà kọjá. Bí a bá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ilé-ẹ̀kọ́, ìjì àkọ́kọ́ ni yóò ṣí i, ọmọ ẹni tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni san ni yóò sì jókòó sínú oòrùn. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wọn kò sọ fún wa pé ẹni tí ó fi itọ́ mọ ọ́n kì í gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ ya àwòrán iṣẹ́, kí a sì ṣírò iye tí yóò ná wa. Kí a kéde rẹ̀ kí gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè gbọ́. Kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ sínú àpò-ìwé tí a lẹ̀ pa. Kí a ṣí àpò wọ̀nyí ní ọjọ́ kan náà, ní ojú gbogbo ènìyàn. Kí a sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ó kájú rẹ̀ ní iye tí kò pọ̀ jù. Èyí ni a ń pè ní tẹ́ńdà. Ohun tí à ń rí ńkọ́? A ti mọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ kí a tó mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Ìwé tẹ́ńdà mẹ́ta ni ó wà nínú fáìlì lóòótọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó sì wà lórí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí owó iṣẹ́ bá ju èyí tí alága lè fọwọ́ sí lọ, wọn a gé títì kan sí mẹ́rin bí ẹni gé iṣu. Ẹni tí ó gbà á yóò tà á fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún yóò tún un tà. Nígbà tí yóò bá fi dé ọwọ́ bíríkìlà, owó iyanrìn ni ó kù, owó sìmẹ́ńtì ti tán ní ọ̀nà. Síbẹ̀ onímọ̀-ẹ̀rọ káńsù yóò fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí ó gbé epo ní àjà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí alága tuntun bá dé, kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ó bá nílẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ti jẹ ti ibẹ̀ tán.

Bí a bá bi wọ́n léèrè, èsì kan wà tí ó máa ń bí mi nínú ju ìwà náà gan-an lọ. Wọn a ní, "Àṣà wa ni. Yorùbá kì í lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà ní ọwọ́ òfo." Irọ́ ńlá nìyí, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó kọjá láìdáhùn. Obì tí à ń gbé wá fún àgbà, ojú àwùjọ ni a ti ń gbé e kalẹ̀, ojú àwùjọ ni a ti ń pa á, gbogbo ìjókòó ni ó sì ń jẹ níbẹ̀. Èyí tí a dì sínú àpò, tí a fi fún ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè yí ìdájọ́ po, èdè wa ní orúkọ fún un: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé ni. Kò sí àgbà kan tí ó fi orúkọ yìí yin ọmọ rẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá pe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní obì kò mọ àṣà, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n kí ó sì máa bà á lórúkọ jẹ́.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi àṣà ṣe ẹ̀rí, ọ̀dọ̀ tẹ́ńdà ni àṣà wa wà. Ìyá wo ni ó ń ra ata ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá yà? Yóò béèrè níhìn-ín, yóò béèrè lọ́hùn-ún, yóò ná an títí kí ó tó tú owó láti ìdí aṣọ. Ní ibi ìdána, ojú ẹbí méjèèjì ni a ti ń ka ẹrù. Nínú èèsú, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó mọ iye tí à ń dá àti ẹni tí ọjọ́ kó kàn. Ìnájà, kíkà ní gbangba, àti ẹlẹ́rìí: kí ni òfin tẹ́ńdà tún kù tí ó ń béèrè? Àwa tí a kì í ra ata láìná an, báwo ni a ṣe wá ń ra afárá láìná an?

Èsì kejì ni, "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é." Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ wa bá mọ iṣẹ́, kí ó bá àwọn yòókù díje, kí ó sì gbà á; inú wa yóò dùn. Ṣùgbọ́n kí ó ṣe é ni a wí, a kò ní kí ó jẹ ẹ́. Ọmọ tí ó jẹ owó afárá ìlú rẹ̀, tí ó fi owó náà kọ́lé sí ìlú ńlá, ọmọ ta ni ní tòótọ́?

Àwọn kan yóò ní gómìnà ni ó dá owó káńsù dúró sínú àpò àjùmọ̀ní, tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé ṣe. Òtítọ́ pọ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé gómìnà kò gbọdọ̀ mú owó ìjọba ìbílẹ̀ sọ́wọ́ mọ́. Mo yìn wọ́n. Síbẹ̀ mo ń béèrè: bí a bá gba owó lọ́wọ́ gómìnà fún alága, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ alága fún wa? Òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 sọ gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ láti fi yẹ iye tí òfin là sílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀; ó ní kí a pe ẹlẹ́rìí méjì láti ìta wá síbi ìṣípò-ìwé. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni a ṣe òfin náà fún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti ṣe tirẹ̀, bí Èkó ti ṣe ní ọdún 2011. Òfin tí kò bá dé sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, orí ìwé ni ó wà.

Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní olè. Ọba a máa fi ìyà jẹ ìlú, ìjòyè a sì máa fi tipátipá gba nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò bá jáde nígbà tí agboolé bá ń yẹ ọ̀nà, gbogbo ìlú ni yóò rí ibi tí igbó rẹ̀ kù sí. Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀ dòní. Kì í ṣe pé àwọn baba wọ̀nyí jẹ́ áńgẹ́lì. Owó ara wọn ni wọ́n dá, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò bi ní ìbéèrè. Owó káńsù náà, owó ara wa ni. A kàn ti gbà kí wọ́n máa ná an bí ìgbà tí a bá rí i he ni.

Nítorí náà, ohun tí a ó béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, ní lẹ́tà ńlá, sára ògiri sẹkitéríàtì àti sí ẹnu ọ̀nà ọjà: orúkọ iṣẹ́, iye rẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tí ó díje àti iye tí oníkálukú pè, ẹni tí ó gbà á, iye tí a ti san, ọjọ́ tí yóò parí. Kí a ṣí àpò-ìwé tẹ́ńdà ní gbọ̀ngàn ìlú, kí ìyálọ́jà, olórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti olùkọ́ àgbà kan jókòó síbẹ̀. Kí a má ṣe san owó ìkẹyìn títí àwọn tí iṣẹ́ náà wà ní àdúgbò wọn yóò fi jẹ́rìí pé àwọn rí i. Alága tí ó bá kọ èyí, kí ó sọ ìdí tí ó fi kọ̀ ọ́ fún wa. Bí kò bá sì rí ìdí sọ, kí a rántí rẹ̀ ní ọjọ́ ìdìbò, kí a má sì gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí pé owó gọ́tà wa ni ó fi rà á.